Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ọkùnrin tí ó dìde ní Tokyo

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ sì kú ìfaradà òjò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì àwọn ọ̀dọ́, mo ní kí wọ́n ta aṣọ funfun sí ara ògiri gbọ̀ngàn, kí a jọ wo ìjà ẹ̀ṣẹ́ méjì tí ọkùnrin kan jà nínú ọdún kan ṣoṣo. Àwọn ìyá ìjọ kan tí wọ́n ń lọ sí Òkèṣà yọjú wò wá láti ojú fèrèsé, wọ́n sì mi orí. Mo mọ̀ pé mo jẹ wọ́n ní àlàyé, òun ni mo fẹ́ ṣe.

Ọkùnrin náà ni James Douglas, tí gbogbo ayé ń pè ní Buster, ọmọ ìlú Columbus ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni bàbá rẹ̀, nítorí náà inú ilé ni ó ti bá iṣẹ́ náà. Ó ga, apá rẹ̀ gùn, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì yá ju bí a ti retí lọ lára ẹni tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan náà ni gbogbo ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ń sọ: ìgbà tí ó bá wù ú ni ó ń gbáradì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1987, ó bá Tony Tucker jà fún adé àgbáyé ti IBF, ọ̀kan nínú àwọn àjọ tí ń fi adé ẹ̀ṣẹ́ jíǹkí ènìyàn. Ó ń ṣe dáadáa bọ̀, àfi bí agbára rẹ̀ ṣe tán ní abala kẹwàá, tí rẹfirí sì dá ìjà dúró.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1990, ó dojú kọ Mike Tyson, ẹni tí adé àgbáyé wà lórí rẹ̀, ní Tokyo, ní ilẹ̀ Jàpáànì. Ìjà 37 ni Tyson ti jà nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò sì borí rẹ̀ rí. Ilé tẹ́tẹ́ kan ní Las Vegas ní òun yóò san dọ́là 42 fún ẹni tí ó bá fi dọ́là kan ta tẹ́tẹ́ pé Douglas ni yóò borí. (Kí ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ní Ẹ̀rẹ̀jà má ṣe rò pé mo rán yín níṣẹ́ o.) Ohun tí àwọn oníṣirò yẹn kò kà mọ́ ọn ni pé ìyá Douglas ti kú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ọmọ náà sì ti pinnu pé òun kò ní fi ìjà yìí ṣeré.

Ní ìparí abala kẹjọ, Tyson fi ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún gbá a ní àgbọ̀n láti ìsàlẹ̀, ó sì ṣubú sẹ́yìn. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹ bá rí fídíò náà: ó fi ìkúùkù gbá ilẹ̀, bí ẹni tí inú ń bí sí ara rẹ̀, ó sì dìde nígbà tí ó ku ẹyọ kan kí òǹkà rẹfirí pé mẹ́wàá, tí ìjà ì bá fi parí. Gbọ̀ngàn wa hó yèè. Nígbà tí ó fi di abala kẹwàá, Tyson ni ó wà nílẹ̀, tí ó ń fi ìbọ̀wọ́ wá ike tí ń dáàbò bo eyín rẹ̀ kiri bí ẹni tí ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn.

Oṣù mẹ́jọ péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, Douglas gbé adé tí ó gbà lọ́wọ́ Tyson lọ síwájú Evander Holyfield ní Las Vegas. Pọ́n-ùn 231 àti ààbọ̀ ni ó wọ̀n ní Tokyo. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wọ̀n 246. Ẹni tí ó bá ní kí ni ìyẹn jẹ́ lára òmìrán, kí ó gbé gààrí kílò mẹ́fà àti ààbọ̀ sí èjìká, kí ó sì fi gun àtẹ̀gùn ilé agogo wa nígbà mẹ́wàá. Ní abala kẹta, ó ju ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún láti ìsàlẹ̀, kò bá ẹnìkan. Kí ó tó kó apá rẹ̀ padà, ọwọ́ ọ̀tún Holyfield ti bà á. Ó nà gbalaja. Rẹfirí ń kà, òun ń fi ìbọ̀wọ́ nu ojú níbi tí ó dùbúlẹ̀ sí, títí òǹkà fi pé.

Kẹ́kẹ́ pa. Ọmọkùnrin kan tí ń lu ìlù fún ẹgbẹ́ akọrin bi mí pé, “Bàbá, ṣé kò lè dìde ni, àbí kò fẹ́ dìde?”

N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí mo bẹ̀rù kí n má baà ṣe ìdájọ́ ọmọnìkejì mi. Ọkùnrin yìí kò tíì sunkún ìyá rẹ̀ tán, ẹjọ́ àti awuyewuye lórí ìjà Tokyo kò sì jẹ́ kí ó sinmi. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe owó ni ó pàdánù: owó tí ó gbà fún ìjà Holyfield ju mílíọ̀nù 20 dọ́là lọ. Lẹ́yìn èyí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sanra kọjá ààlà, àìsàn àtọ̀gbẹ sì dá a dùbúlẹ̀ ní ọdún 1994 débi pé kò mọ ibi tí ó wà mọ́. Ọlọ́run yọ ọ́, ó tún padà sí ẹ̀ṣẹ́ fún ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n adé kò padà wá. Ìdáhùn tí mo wá fún ọmọ náà ni pé oṣù mẹ́jọ yẹn ni wọ́n ti fi pinnu bóyá yóò dìde tàbí kò ní dìde.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kò yẹ kí ó béèrè àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Àwọn baba wa Òṣómàáló ru aṣọ dé ìlú tí wọn kò ní ará kan, wọ́n tà á láwìn, nígbà tí ọjọ́ sì pé, wọ́n lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n ní àwọn kò ní dìde títí owó yóò fi jáde. Ẹnu dídùn ni wọ́n fi ta aṣọ. Òṣó ni wọ́n fi gba owó rẹ̀. Ẹ̀bùn Douglas ta aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ kú ni ó lóṣòó lẹ́ẹ̀kan, ó sì gba owó náà lọ́wọ́ ẹni tí gbogbo ayé ń sá fún. Lẹ́yìn náà ni ó wá jókòó sílé, ó ń retí kí onígbèsè máa bọ̀ fúnra rẹ̀. Aápọn tí ìbànújẹ́ bí kì í sábà pẹ́ ju omijé lọ.

Bàbá ìjọ kan rán mi létí ọ̀rọ̀ Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ọmọ Amaigbo ní ilẹ̀ Ìgbò. Ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ó jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó pàdánù. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹni ọdún 33 ni kí ó tó gba adé àgbáyé lọ́wọ́ Gene Fullmer, òyìnbó ọmọ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1962. Ọmọ ilé-ìwé ni bàbá yìí nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963. Ó ní ibi tí òun jókòó sí jìnnà, ohun kan ṣoṣo tí òun rí dájú ni òyìnbó tí ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn abala keje, tí kò sì jáde fún ìkẹjọ.

Àwọn ará Kọ́ríńtì náà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹ̀bá ìlú wọn ni wọ́n ti ń ṣe eré ìdíje Isthmia ní ọdún méjì-méjì. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí wọn, nínú orí kẹsàn-án ìwé kìn-ín-ní, pé òun ń pọ́n ara òun lójú, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó lò jẹ́ ti abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò: kí a lu ènìyàn lábẹ́ ojú. Ara tirẹ̀ ni ó sì ń lù. Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù ni kí òun tí òun ti wàásù fún àwọn ẹlòmíràn má lọ di ẹni ìtanù.

Ọ̀rọ̀ oníwàásù nìyẹn, ó sì bá mi wí. Ní ìkórè ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo gbẹ́kẹ̀ lé ohùn tí Ọlọ́run fún mi, mo fa ìwàásù àtijọ́ kan yọ láti inú àpótí, mo sì fi wàásù bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lókè ni. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Màmá kan tí ń jókòó sẹ́yìn dì mọ́ ọwọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ó tilẹ̀ dùn ju ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ fi wàásù lọ.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jókòó ti tábìlì mi ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Ẹ̀yin akọrin wa, orin yín ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá dùn gan-an, a sì pàtẹ́wọ́ fún yín. Èmi mọ̀ pé ènìyàn mẹ́rin ni ó wá sí ìdánrawò rẹ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ìdánrawò ọ̀sẹ̀ yìí. Èmi yóò wà nínú yàrá ìwé mi ní òdìkejì ọgbà, màá sì ṣí fèrèsé sílẹ̀. Bí ẹ bá ń kọrin, màá gbọ́.