Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí bíbó ọ̀dà ara Corvette àtijọ́ fi ń pẹ́ lọ́wọ́ wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

A kí yín, a sì dúpẹ́ pé ẹ ń gbé mọ́tò yín wá sí ṣọ́ọ̀bù wa níhìn-ín ní Houston. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ìbéèrè kan ni ó ń wá léraléra láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ní Corvette àtijọ́, mọ́tò asáré ti ilé iṣẹ́ Chevrolet, ó sì tọ́ kí a dáhùn rẹ̀ ní kíkún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: kí ló dé tí owó tí a ń gbà láti bó ọ̀dà àtijọ́ kúrò fi máa ń ju owó kíkùn lọ, tí iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ní àwọn yóò fi ọjọ́ mẹ́ta parí fi ń gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún?

A mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín dàgbà sídìí Volkswagen ìjàpá tí wọ́n ń tò ní Èkó àti Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná. Irin ni ara àwọn mọ́tò wọ̀nyẹn. Bí pẹ́ńtà bá fẹ́ bó ọ̀dà wọn, ó lè da kẹ́míkà sí i, ó lè fi iná lá a, ó lè ha á títí yóò fi máa kọ mànà. Irin kò ní bínú. Bí èmi fúnra mi ṣe kọ́ iṣẹ́ náà ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn nìyẹn, bí mo sì ṣe rò pé mo mọ̀ ọ́n dé Amẹ́ríkà nìyẹn.

Corvette kì í ṣe irin. Láti ìgbà tí Chevrolet ti tò 300 àkọ́kọ́ ní ìlú Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan lọ́dún 1953, tí gbogbo wọn funfun bí lékeléke, fáíbà ni ara rẹ̀: okùn gíláàsì tín-ín-rín tí a tẹ́ léra wọn, tí a fi résìn, oje kẹ́míkà tí ó máa ń le bí ike, mu títí tí ó fi gan. Ìdí résìn yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀dà tí ó wà lójú mọ́tò náà jẹ́ irú résìn kan pẹ̀lú, ẹbí kan náà ni àwọn méjèèjì, nítorí náà kẹ́míkà tí ó bá lágbára tó láti tú ọ̀dà lè yíjú sí ara mọ́tò fúnra rẹ̀ bí ẹ bá fún un láyè. Lára irin, kẹ́míkà mọ ibi tí ọ̀dà parí sí. Lára fáíbà, kò mọ̀ ọ́n; ọwọ́ àti ojú ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ni yóò bá a mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Ní ọdún kejì tí a ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí, oníbàárà kan gbé Corvette pupa ti ọdún 1974 wá, ó sì ń kánjú nítorí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ kẹ́míkà tí a fi ń bó ọ̀dà ara irin sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti bọ́ńpà rẹ̀, mo sì lọ jẹun. Nígbà tí mo padà dé, ọ̀dà náà ti ká jọ bí awọ tí í bo ojú ẹ̀kọ mímu tí ó ti tutù. Inú mi dùn, mo fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ gbá a dànù ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tí n kò kà sí ni pé fáíbà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ti rọ̀ débi pé èékánná mi ń wọ̀ ọ́. A fọ̀ ọ́, a kùn ún, ó dán, wọ́n fi gbé ìyàwó. Nígbà tí ó di oṣù keje, tí oòrùn Texas ti pa á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bọ́nẹ́ẹ̀tì náà yọ róro kéékèèké bí ara ọmọ tí ooru mú: kẹ́míkà tí ó sá pamọ́ sínú àwọn ihò fáíbà ni ó ń wá ọ̀nà àbájáde. Ní ti bọ́ńpà, tí kì í ṣe fáíbà rárá bí kò ṣe urethane tí ó rọ̀ bí rọ́bà (ti iwájú láti ọdún 1973, ti ẹ̀yìn láti ọdún 1974), ó ti wú kí a tó fi ọ̀dà kàn án pàápàá, òmíràn la sì rà. Àpò ara mi ni gbogbo àtúnṣe náà ti jáde.

Yàtọ̀ sí ti ara mọ́tò, ara ènìyàn náà wà níbẹ̀. Èyí tí ó lágbára jù nínú àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní methylene chloride. Bí a bá fa èéfín rẹ̀ símú, ara wa máa ń sọ apá kan rẹ̀ di carbon monoxide, gáàsì kan náà tí ó ti pa ọ̀pọ̀ ìdílé tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2019, àjọ EPA, tí ń bójú tó àyíká ní orílẹ̀-èdè yìí, fi òfin de títà á fún ará ilé láti fi bó ọ̀dà, wọ́n sì tún mú òfin náà gbòòrò ní ọdún 2024. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òun ṣì ní agolo àtijọ́ kan nílé tí a lè lò kí owó lè dínkù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e wá. Àwọn kẹ́míkà kan wà tí a ṣe fún fáíbà, tí wọn kì í le tó bẹ́ẹ̀. A máa ń lò wọ́n ní ẹnu ilẹ̀kùn àti kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ kò lè wọ̀, ní díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú aago lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn béèrè ìdí tí a kì í fi fẹ́ iyanrìn sí i bí wọ́n ti ń ṣe sí férémù. Iyanrìn tí afẹ́fẹ́ ń tì yóò jẹ résìn kí ẹ tó ṣẹ́jú, yóò sì fi okùn gíláàsì sílẹ̀ lóde gàgàrà. Sódà tí a fi ń ṣe kéèkì, tí àwọn kan ń fẹ́ sí i dípò iyanrìn, kò le bí iyanrìn, àwọn kan sì mọ̀ ọ́n lò dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń kù sínú gbogbo ihò àti ojúpò mọ́tò, bí a kò bá sì fọ̀ ọ́ kúrò pátápátá, ọ̀dà tuntun kò ní di ara mú. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ti iná tilẹ̀ burú ju ti àwọn méjèèjì lọ, nítorí ooru ń sọ résìn di rírọ̀.

Ohun tí a ń ṣe nìyí. Kí sánpépà tó kan mọ́tò yín rárá, a ó kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a ó sì fi èyí tí ń tú òróró àti wáàsì nù ún, nítorí bí a bá ń gbo ó pẹ̀lú wáàsì lára, inú fáíbà ni a ń rọ́ ọ sí. Lẹ́yìn náà ni a ó wá mọ ohun tí ó wà lójú rẹ̀. Ní ilé, gbogbo wa mọ bí wọ́n ti ń fi mágínẹ́ẹ̀tì dán ara mọ́tò wò láti mọ ibi tí wọ́n fi bọ́dì-fílà dí. Lára fáíbà Corvette, mágínẹ́ẹ̀tì kò ní lẹ̀ mọ́ ibì kankan, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn kíki ọ̀dà lára irin kò sì wúlò. Nítorí náà a máa ń yan ojú kékeré kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, a ó fi sánpépà olómi gbo ó ní yíyíká títí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò fi yọ bí òrùka inú igi tí a gé. Ní oṣù tó kọjá, a gbo ti ọdún 1969 kan lójú ẹni tí ó ni ín. Dúdú ni ó rà á. Lábẹ́ dúdú náà ni pupa wà, lábẹ́ pupa ni àwọ̀ eérú, lẹ́yìn náà pupa mìíràn tí ó ṣú jù ú lọ, àwọ̀ eérú lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a tó bá búlúù tí ó bá a jáde láti ilé iṣẹ́ ní St. Louis, níbi tí wọ́n ti ń tò Corvette nígbà náà. Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ọn títí, ó ní kí a má kun dúdú mọ́.

Ó ṣe pàtàkì kí a mọ ìpele tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń tò ó ní St. Louis, títí di 1981, láákà ni wọ́n ń kùn ún, láákà sì ni ọ̀dà tí tínà lè tún yọ́ nígbàkigbà: bí a bá fi àkísà tí a ti bọ tínà nù ún, àwọ̀ yóò tẹ̀ lé àkísà. Láákà tí ó ti gbó máa ń gan, ó máa ń ṣẹ́, èyí sì ni oore tí ó ń ṣe wá, torí pé bíléèdì lásán ni a fi ń fá a. Bíléèdì olójú kan ni a ń lò, a ó kọ́kọ́ pọ́n etí rẹ̀ méjèèjì lára òkúta kí wọ́n má baà gún fáíbà, a ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dáadáa, a ó sì máa tì í lọ síwájú bí ẹni tí ń fá irun orí ìkókó. Bí ọwọ́ bá pé, ọ̀dà yóò máa ká wálẹ̀ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ohùn rẹ̀ yóò sì jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ohùn yẹn bá ti yí padà sí híha gbàràgbàrà, bíléèdì ti fẹ́ wọ fáíbà nìyẹn, ẹni tí ń fá a yóò sì dáwọ́ dúró. Bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan lè gba odidi ọjọ́ kan àti bíi ogójì bíléèdì. Ibi tí ọ̀dà ìgbàlódé bá ti wà lórí láákà náà, bíléèdì kò ní mú un, sánpépà ni yóò ṣe é, nọ́ḿbà 80 fún ìpele òkè nìkan, lẹ́yìn náà 150, lẹ́yìn náà 220 (bí nọ́ḿbà sánpépà bá ṣe kéré tó ni ó ṣe máa ń ha nǹkan tó). A kì í sọ̀kalẹ̀ sí 36 láéláé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ tí a fi ń lọ irin kàn án. A máa ń dúró nígbà tí ọ̀dà ìpìlẹ̀ ti ilé iṣẹ́ bá ṣẹ́kù fẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé bí a bá la ojú résìn kọjá dé orí okùn, okùn náà yóò máa fa ọ̀rinrin mu, yóò sì hàn lábẹ́ ọ̀dà tuntun.

Ibi tí ìṣirò owó ti máa ń yí padà ni ìgbà tí ara mọ́tò bá wà níhòhò. Ara Corvette kì í ṣe ẹyọ kan. Abala abala ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra, pẹ̀lú pẹlẹbẹ fáíbà lábẹ́ ojúpò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dí ojúpò náà kí wọ́n tó kùn ún. Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún nínú oòrùn, àwọn ojúpò wọ̀nyí máa ń yọ bí ilà lórí fẹ́ńdà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ẹ ó ti rí àwọn ilà wẹ́wẹ́ bí okùn aláǹtakùn, ní ibi tí wọ́n ti fi jáàkì tì í tàbí tí wọ́n ti ń pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé pẹ̀lú ìbínú. Ẹni tí ó bá kàn fi bọ́dì-fílà dí wọn yóò rí wọn padà kí ọdún kan tó pé, nítorí pé ojú ni ó tún ṣe, kò tún ara ṣe. A ní láti gbẹ́ ilà kọ̀ọ̀kan títí dé ibi tí ó parí sí, kí a fi résìn àti okùn gíláàsì tuntun dí i, kí a sì tún un gbo. A kò lè mọ iye wọn kí a tó bó mọ́tò náà, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ owó bíbó àti owó àtúnṣe sórí ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bíbó nìkan máa ń gbà wá ní wákàtí 60 sí 90. Lẹ́yìn gbogbo èyí, a máa ń fi mọ́tò sílẹ̀ kí ó gbẹ, nítorí pé afẹ́fẹ́ Houston kò gbẹ bí ti Àríwá Texas. Èmi kì í fẹ́ kí ọ̀dà ìpìlẹ̀ epoxy bo fáíbà tí omi ṣì wà nínú rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ní Lotus Elan tàbí mọ́tò fáíbà mìíràn láti Ìlú Ọba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa ṣáájú. Tiwọn máa ń ní ìpele résìn aláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní gelcoat lábẹ́ ọ̀dà, èyí tí Corvette kò ní, bí ẹni tí kò mọ̀ bá sì rò pé ọ̀dà ni, yóò fá a dànù.

A tún ń bẹ yín nípa ti àwọn ọmọ. Ọ̀dà àtijọ́, pàápàá pupa, ọsàn àti yẹ́lò, lè ní òjé nínú, eruku fáíbà sì máa ń yún ènìyàn ju wèrèpè lọ. Nítorí náà a kì í gba àlejò sí yàrá tí a ti ń bó ọ̀dà, bó ti wù kí a mọ ara wa tó. Bí ẹ bá ń gbé mọ́tò bọ̀, ẹ yọ ẹrù inú rẹ̀, kí epo inú táǹkì má pọ̀, ẹ sì mú fọ́tò àtijọ́ tí ẹ bá ní dání, nítorí ó ń ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ibi tí ó ti kọlu nǹkan rí. Ẹ má sì fi sánpépà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nílé láti fi dín owó kù. Mẹ́ta nínú àwọn tí ó pẹ́ jù lọ́wọ́ wa lọ́dún tó kọjá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ara mọ́tò yín bá ti wà níhòhò tán, tí àtúnṣe sì ti gan, a ó pè yín kí ẹ wá fojú rí i, kí ẹ sì fọwọ́ pa á, kí a tó bo ó, nítorí láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tí yóò tún rí abẹ́ rẹ̀ mọ́.

Tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá pẹ́ńtà àti gbogbo òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù