Ẹ má lé èèyàn kúrò nídìí ẹ̀rọ o

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà ìlú.

Ọ̀rọ̀ káàdì àti áàpù tó gba gbogbo Èkó kan yìí ni mo bá wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé e síbi táwọn aláṣẹ á ti rí i. Mi ò bá ẹ̀rọ jà o. Látìgbà tí tírénì Blue Line ti ń kó èrò, láti oṣù kẹsàn-án 2023, ẹni tó ń ti Mile 2 lọ sí Marina mọ oore tí wọ́n ṣe fún un. Red Line náà dé lọ́dún 2024, láti Agbádó títí dé Oyingbo, àwa ará Èbúté Mẹ́ta ń gbádùn ẹ̀ gan-an.

Àmọ́ nígbà tí BRT, àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ojú ọ̀nà tiwọn, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008, láti Mile 12 sí CMS, tíkẹ́ẹ̀tì oníbébà la máa ń rà lọ́wọ́ èèyàn, o sanwó, ó já a fún ẹ, ó parí. Ní báyìí káàdì Cowry tí wọ́n ń fi sanwó ọkọ̀ ni, tówó inú ẹ̀ ò bá tó, ẹ̀rọ á ní rárá, kò sì mọ̀ bóyá arúgbó ni ẹ́ tàbí aláboyún. Kọ́ńdọ̀ dánfó, bó ti wù kó kanra tó, ṣì máa gbọ́ ẹ̀bẹ̀, tí ṣéńjì ò bá sí á so ẹ̀yin méjì pọ̀, ẹ ó sọ̀kalẹ̀ lọ wá bí ẹ ṣe máa pín in.

Àwọn tó jẹ́ kí káàdì yẹn ṣeé lò fáwọn àgbà ni àwọn ọmọ tó ń dúró níbùdókọ̀ tí wọ́n ń báni fowó sí i. Màmá á na náírà sí wọn, wọ́n á bá a ṣe é, wọ́n á sọ iye tó wà níbẹ̀ fún un, wọ́n á tún ní "Màmá, ẹ rọra o". Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé lọ́jọ́ kan ẹnì kan á jókòó sí ọ́fíìsì, á ní ṣebí áàpù ti wà, kí làwọn yẹn ń ṣe níbẹ̀.

Torí mo ti rí i ní báǹkì. Wọ́n jí fóònù ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ta ẹja gbígbẹ, la bá sáré lọ sí báǹkì kan pé kí wọ́n bá wa ti àkáǹtì ẹ̀ pa, ọmọ tó wà níbẹ̀ ní ká lọ ṣe é lórí áàpù. Fóònù wo? Ó ní kóòdù á wọlé sórí nọ́ńbà yẹn. Nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ olè! Kántà pọ̀ níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó, ìyá àgbà dúró títí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi wú. Mi ò bínú sọ́mọ yẹn o, ohun tí wọ́n ní kó máa sọ ló ń sọ.

Àbí a ti gbàgbé February 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ náírà? Owó ò sí nílùú, gbogbo wa já lu tíránsífà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kú, ẹni tó lówó nínú àkáǹtì ò rí gààrí rà. Ohun tó kó ọ̀pọ̀ wa yọ ni pé ìyá olóúnjẹ mọ̀ wá, ó ní ká máa gbé e lọ, tó bá yá a ó san án.

Torí náà, kí tírénì tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Mile 2 lọ sí Òkòkòmáìkò, mo bẹ LAMATA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò ní Èkó, ẹ jẹ́ kí fèrèsé kan wà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan tí èèyàn á wà níbẹ̀, tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni, kí bẹ́ǹṣì wà níwájú ẹ̀, kó sì láṣẹ láti ṣílẹ̀kùn fẹ́ni tí káàdì ẹ̀ kọṣẹ́. Ẹ̀yin báǹkì náà, ẹ ya kántà kan sọ́tọ̀ fáwọn tó ti lé ní 60 ọdún, ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa sì ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Èbúté Mẹ́ta, Èkó.