Ẹ̀sùn lórí owó ọkọ̀ tí ẹ gbà láìgbé mi

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀,
Àkúrẹ́.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa.

Oríta-Òbèlé ni mo ti máa ń wọ ọkọ̀ yín lọ síbi iṣẹ́ ní Alágbàká. Láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo ti sanwó ìjókòó tèmi lórí áàpù. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, mo dé ibùdókọ̀ ṣáájú àkókò tí ẹ dá. Mò ń wo ọkọ̀ lórí máàpù bó ṣe ń bọ̀. Ó dé lóòótọ́, àmọ́ kò dúró. Eré ló bá kọjá níwájú mi. Kí n tó pe dírẹ́bà, áàpù ti kọ ọ́ pé èrò kò yọjú, owó mi sì ti lọ.

Mo fi ẹjọ́ sun àwọn òṣìṣẹ́ yín. Èsì tí wọ́n fún mi ni pé ohun tí dírẹ́bà bá tẹ̀ ni àwọn ń tẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju owó náà lọ. Dírẹ́bà ló kọ̀ láti gbé èrò, òun náà lẹ tún fi ṣe adájọ́! Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí wà lọ́wọ́ yín. GPS fóònù rẹ̀ ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà, tèmi náà ń sọ ibi tí mo dúró sí. Ẹ gbé méjèèjì síwájú, ẹ ó rí i bóyá ọkọ̀ dúró.

Mo mọ̀ pé epo ti wọ́n gan-an láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Ọba Àdèsídà sì ń tánni ní sùúrù. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, màá dúró dè é. Ohun tó jẹ́ kí n yàn yín ni pé mo máa ń mọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti orúkọ dírẹ́bà kí n tó wọlé. Ẹ̀rù “one chance” kì í jẹ́ kí obìnrin wọ ọkọ̀kọ́kọ̀ láàárọ̀ kùtù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá owó mi padà, kí ẹ sì pa àkọsílẹ̀ “kò yọjú” yẹn rẹ́ lórúkọ mi. Ẹ má sì jẹ́ kí dírẹ́bà kankan lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ láìjẹ́ pé ọkọ̀ dúró ní ibùdókọ̀, tó sì pe èrò. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 fún mi lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ tí mo sanwó fún, lásìkò rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà.

Nọ́ńbà tí mo fi forúkọ sílẹ̀ lórí áàpù ni kí ẹ pè.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Oríta-Òbèlé.