Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ àti ilé Mọ́níyà

Ìyá Ìbejì ọ̀rẹ́ mi,

Kú òtútù o, kú iṣẹ́ alẹ́, kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Mo gbọ́ fóìsì nóòtì tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ Sátidé, pé ẹ̀gbọ́n ẹ jẹ gbogbo owó tó ò ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun kí wọ́n fi bá ẹ kọ́lé sí Mọ́níyà n'Ìbàdàn níbí, pé o ò ní fi jìn wọ́n, mo gbọ́ ọ tán mo tún un gbọ́, mo wá ní rárá o, èyí kì í ṣe ohun tí mo máa fi fóìsì nóòtì dáhùn, torí ibi tó bá ti ká ẹ lára báyìí wàá fò ó kọjá, wàá wá ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Kíkọ ló dáa, wàá rí i kà nínú bọ́ọ̀sì tó o bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn, jọ̀ọ́ fara balẹ̀. Ọ̀sán ni wọ́n dé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ epo bẹntiróò, ọ̀rọ̀ iná NEPA, wọ́n béèrè ọkọ mi, wọ́n béèrè ẹsẹ̀ màmá mi tó ń dùn wọ́n. Mo ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ ṣùgbọ́n mi ò bá wọn débẹ̀. Kọ́sítọ́mà wọlé, wọ́n rajà, wọ́n lọ, ẹ̀gbọ́n ẹ ṣì wà níbẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó wá ní, "Bá mi bẹ àbúrò mi." Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ìwọ náà mọ ilé yín, o mọ bí bàbá yín ṣe fi àrẹ̀mọ kẹ́ wọn, ta ni wọ́n bẹ̀ rí? Àgbà tó bá lè ní kí wọ́n bá òun bẹ ọmọdé, ojú ti tì í kó tó kúrò nílé. Mi ò sọ ọ́ kí àánú wọn lè ṣe ẹ́ o. Mò ń sọ ọ́ kó o mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ ni, torí tí wọ́n bá ń ròyìn ọ̀rọ̀ yìí láàárín mọ̀lẹ́bí, ibẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n máa yọ kúrò.

Jẹ́ n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn ẹ ná. Àwọn tó ń pè ẹ́ láti ilé pé ṣebí ẹ̀gbọ́n ẹ ni, ṣebí owó ni kì í ṣe ẹ̀mí, gbé e fún Ọlọ́run, inú wọn ń bí mi. Owó tí wọn ò bá ẹ wá, òtútù tí wọn ò bá ẹ jẹ, wọ́n ti bá ẹ fi jìn. Ṣé àwọn ló ń ṣe iṣẹ́ òru ní kíà hóòmù, àwọn ló ń gbé àgbàlagbà tó wúwo jù wọ́n lọ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láago mẹ́ta òru? Ohun tó máa ń ba ìdáríjì jẹ́ níbí nìyẹn, wọ́n á pe ìpàdé, àgbà á sọ̀rọ̀, ẹni tó ṣẹ̀ á dọ̀bálẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á ní "mo ti gbọ́", wọ́n á pín mínírà, tó bá di ọjọ́ kejì kò sẹ́ni tó ń kí ẹnì kejì mọ́. Nítorí náà má ṣe kánjú nítorí tiwọn.

Ṣùgbọ́n mo lọ sí Mọ́níyà o, mi ò tíì sọ fún ẹ. Mo mú bíríkìlà tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù mi dání, mo ní kó wo ohun tó wà nílẹ̀ kó sọ òótọ́ fún mi. Fáńdéṣàn wà níbẹ̀, ó sì dáa, ó ní ẹni tó ṣe é ò fi sìmẹ́ǹtì ṣahun. Ògiri ti dé ojú fèrèsé lápá kan, lápá kejì koríko ti bò ó mọ́lẹ̀, búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sílẹ̀ ti ń hu ewédò. Ilẹ̀ náà wà bó ṣe wà, wọn ò tà á, o sì mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń du ilẹ̀ ibẹ̀ látìgbà tí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, tí tẹ́ṣàn ńlá yẹn wà ní Mọ́níyà. Ẹlòmíì ì bá ti tà á fún èèyàn mẹ́ta. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé nígbà tó o ní "wọ́n jẹ gbogbo owó mi", kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Èyí tó wà nínú ilẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Sìmẹ́ǹtì náà jẹ tiẹ̀, àbí o ti gbàgbé February 2024 tí àpò kan di 10,000 náírà láwọn ibì kan, tí mínísítà ní láti pe àwọn tó ń ṣe é jọ kí wọ́n tó gbà láti máa tà á ní 7,000 sí 8,000? Owó tó o ti ṣírò ṣáájú ìgbà yẹn ò lè ra ohun tó o ṣírò mọ́, ẹni yòówù kó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyókù ni wọ́n jẹ. Wọ́n fi ra mọ́tò tí wọ́n fẹ́ fi ṣe táksí, mọ́tò náà sì ti kú. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ìyẹn, mi ò gbọ́ ọ láàdúgbò.

Lójú tèmi, ó yẹ kéèyàn mọ iye tí wọ́n jẹ ẹ́ kó tó fi jìn wọ́n. Tó o bá ń bínú odindi nígbà tó jẹ́ pé ìdajì ni wọ́n jẹ, o ti bínú ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ, tó o bá sì fi jìn láì mọ iye ẹ̀, ọjọ́ tó o bá mọ̀ ọ́n ni ìjà tuntun máa bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fótò yẹn ni mi ò lè bá wọn sọ nǹkan kan sí. Kéèyàn lọ ya ilé onílé tó ti kan òrùlé, kó fi ránṣẹ́ sí àbúrò ẹ̀ pé ilé ẹ nìyí, kíyẹn máa fi han àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó ṣe ìdúpẹ́ lé e lórí! Mo bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn rò pé táksí máa mówó wọlé, àwọn á wá parí ilé kó o tó dé. Mo ní ẹ̀yin lẹ máa sọ ìyẹn fún un fúnra yín. Ṣó o rántí South Africa, lẹ́yìn tí apartheid tán, ìjọba tó ń ya dúdú sọ́tọ̀ sí funfun yẹn, ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu jẹ́ alága ẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ní 1996? Ẹni tó bá fẹ́ kí ìjọba má fìyà jẹ òun, àfi kó jáde sọ gbogbo ohun tó ṣe láì fi kan pa mọ́. Àwọn tó lé ní 7,000 ló kọ̀wé wá, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọn ò sì gbà fún. Ọ̀ràn ikú ni tiwọn, tiwa ò dé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà yẹn wù mí. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n ẹ pè ẹ́, kí wọ́n ka owó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ ilé ẹni tó wà nínú fótò. Wọ́n ní àwọn á pè. Tí wọ́n bá pè, jọ̀ọ́ gbé e.

O ní inú bí ẹ nígbà tí pásítọ̀ yín wàásù ìgbà àádọ́rin méje. Lọ ka ìtàn tó tẹ̀ lé e nínú Mátíù 18 yẹn, ti ìránṣẹ́ tí ọba fi gbèsè ńlá jìn, tí òun ò wá fi jìn ìránṣẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀. A máa ń wàásù ẹ̀ bí ẹni pé ọgọ́rùn-ún dínárì tí ìránṣẹ́ kejì jẹ ò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ dínárì kan ni owó iṣẹ́ ojúmọ́ kan fún lébìrà, orí 20 sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta àti lé nìyẹn! Jésù ò sọ pé gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ kéré. Bó ṣe tóbi tó náà ló ní kó o fi jìn, ìyẹn ló sì jẹ́ kó le.

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n ẹ. Látìgbà tí ìjà yìí ti dé o ò san owó skúùlù ẹ̀ mọ́, o ò sì gbé ìpè ẹ̀. O mọ̀ pé mùsùlùmí ni ilé ọkọ mi, nínú Ramadan tó kọjá àáfà wọn sọ ìtàn Abubakari, ọ̀rẹ́ Ànábì Muhammad, fún wa. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Misitahu, tálákà ni, Abubakari ló ń bọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n wá ń pa irọ́ mọ́ Áíṣà ọmọ Abubakari, tó jẹ́ ìyàwó Ànábì, Misitahu dá sí i, ó bá wọn gbé irọ́ náà kiri. Abubakari búra pé òun ò ní fún un ní kọ́bọ̀ mọ́. Ta ló máa dá a lẹ́bi? Ni ẹsẹ Kùránì kan bá sọ̀ kalẹ̀ nínú Súrátù Núúrì pé ṣé ẹ ò fẹ́ kí Ọlọ́run forí jìn yín ni, Abubakari ní òun fẹ́, ó sì dá owó náà padà fún un. Misitahu ló ṣẹ̀ níbẹ̀ o, wọ́n ṣì ní kó má fi ebi pa á. Ti ọmọ yìí wá ńkọ́? Kò ya fótò kankan. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó ń bi mí pé kí ni òun ṣe fún Àǹtí, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ, mo kàn fún un ní bisikíìtì bí ẹni pé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni.

Mi ò ní kó o tún fi owó ilé sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ láéláé. Tó o bá fẹ́ parí ẹ̀, bíríkìlà ni kó o máa sanwó fún tààrà, bó bá ṣe ṣiṣẹ́ dé ni kó o ṣe máa san án. Èmi náà ò sì ní gbà á lọ́wọ́ ẹ o, mo fẹ́ràn ẹ jù ú lọ.

Skúùlù ọmọ náà ní àkáǹtì tiwọn, màá fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́la, SS3 ló wà, wọ́n ní kò ní pẹ́ tí àwọn máa fi ti ìforúkọsílẹ̀ WAEC. Ẹ̀gbọ́n ẹ ò mọ̀ pé mo bá ẹ sọ èyí, má sì sọ fún wọn. Èlùbọ́ ẹ ti wà nílẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún ni mò ń wá. Bá mi kí àwọn ìbejì.

Èmi ọ̀rẹ́ ẹ,
Ìbàdàn