Kí a tó san owó sí wọ́lẹ́ẹ̀tì yín: bí ẹ ó ṣe fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ín

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjà o. Láti ìsinsìnyí lọ, a ò ní san USDT tàbí Bitcoin (owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì) sí àdírẹ́sì wọ́lẹ́ẹ̀tì tuntun kankan àfi tí ẹni tó fún wa bá fi hàn pé òun ló ni ín. Owó tó bá ti lọ lórí blockchain, ìwé àkọsílẹ̀ gbangba tí irú owó yìí ń gbà kọjá, ti lọ nìyẹn, kò sí báńkì tí a fẹ́ pè pé kó dá a padà.

Screenshot kò tó ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni lè ṣí àdírẹ́sì yín lórí Etherscan, ìkànnì tó ń fi àkọsílẹ̀ blockchain hàn, kó sì rí gbogbo owó tó wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ nọ́ńbà ilé kọ́ ni onílé. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí ni onílé nìkan ní, òun sì ni wọ́lẹ́ẹ̀tì fi ń buwọ́ lu ọ̀rọ̀. Ìbùwọ́lù yẹn la fẹ́. A ò nílò kọ́kọ́rọ́ náà láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí àdírẹ́sì yín bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x, ẹ lọ sí Verified Signatures lórí Etherscan, ẹ tẹ Sign Message, ẹ so wọ́lẹ́ẹ̀tì yín mọ́ ọn, kí ẹ wá lẹ ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyí:

Oja 2217, 14/10/2025, koodu 58K3

Orí ìpè fóònù la ó ti ka kóòdù ìparí yẹn fún yín kí ẹ fi kún un, lórí nọ́ńbà tí a ti mọ̀ yín mọ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹni tó bá jí WhatsApp yín má baà fi àdírẹ́sì tirẹ̀ buwọ́ lù ú. A mọ̀ọ́mọ̀ yọ àmì ohùn kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà ni: fóònù kan lè tọ́jú ọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ méjì, kí òmíràn tọ́jú rẹ̀ bí mẹ́ta. Lójú wa, ọ̀kan náà ni, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà á ní ó yàtọ̀, ìbùwọ́lù á sì kọ̀. Àyè kan ṣoṣo tó lé, tàbí lẹ́tà kékeré tí fóònù sọ di ńlá, á bà á jẹ́ bákan náà. Èyí ló wọ́pọ̀ jù.

Buwọ́lùwọ́ yìí kò gba owó gáàsì, ìyẹn owó iṣẹ́ tí blockchain ń gbà. Èsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x, ó sì máa ń jẹ́ ẹyọ 132; ẹ kọpí gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Fún Bitcoin, ẹ lo Sign/verify message lábẹ́ Tools nínú áàpù wọ́lẹ́ẹ̀tì Electrum. Bí ó bá jẹ́ áàpù mìíràn, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún wa, torí áàpù kò fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe ń buwọ́ lu àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bc1.

Kí ló dé tí a fi ń fi ọjọ́ àti kóòdù sí i? Ní ọdún 2016, Craig Wright, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ Australia, gbé ìbùwọ́lù kan jáde pé òun ni Satoshi Nakamoto, orúkọ àdàpè tí ẹni tó dá Bitcoin sílẹ̀ ń jẹ́. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé inú ìsanwó Bitcoin ọdún 2009, tó wà ní gbangba, ló ti mú un. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ní London ṣèdájọ́ pé kì í ṣe òun ni Satoshi. Ìbùwọ́lù àtijọ́ kò já mọ́ nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tí wọ́lẹ́ẹ̀tì gbé síwájú yín kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Bí ẹ bá rí Permit, Approve tàbí Spender, ẹ tẹ Reject kíákíá: irú ìbùwọ́lù bẹ́ẹ̀ lè fún ẹlòmíràn láṣẹ láti kó owó yín, kódà láìsí gáàsì. Ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 tí ẹ kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì, ẹ má fún ẹnikẹ́ni, títí kan àwa gan-an.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Tron (blockchain mìíràn; àdírẹ́sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú T, ó sì jẹ́ ẹyọ 34), tí buwọ́lùwọ́ bá ṣòro fún yín, a ó dárúkọ iye kan, bíi 1.37 USDT. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa láti inú àdírẹ́sì náà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a ó sì fi kún owó yín. TRX, owó tí Tron fi ń gba owó iṣẹ́, gbọ́dọ̀ wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní lọ. Buwọ́lùwọ́ la fẹ́ràn jù, torí ìfiránṣẹ́ yẹn á wà níbẹ̀ títí láé fún gbogbo ayé láti rí.

Àdírẹ́sì inú exchange (ilé-iṣẹ́ tí a ti ń ra irú owó yìí, tí a sì ti ń tà á) kò ṣeé buwọ́ lù, torí exchange ló ni kọ́kọ́rọ́. Owó tí ẹ bá sì fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀, wọ́lẹ́ẹ̀tì exchange ló máa ń ti jáde, kì í ṣe èyí tí ẹ fún wa. Ẹ pè wá lórí fídíò, kí ẹ ṣí ojú-ewé Deposit nínú áàpù lójú wa, kí a jọ fi àdírẹ́sì náà wé èyí tó wà lọ́wọ́ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má fi mọ sí ẹyọ mẹ́rin àkọ́kọ́ àti mẹ́rin ìkẹyìn nìkan. Àwọn gbájúẹ̀ ń ṣe àdírẹ́sì tó jọra ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin.

Àdírẹ́sì tí ẹ bá ti fi hàn lẹ́ẹ̀kan, a ò tún ní béèrè rẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ ìsanwó.

Àwa oníṣòwò yín