Ẹ wo ojú ìlà rẹ̀ kí ẹ tó pè é ní ẹ̀bùn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Mo ka ohun tí ọ̀kan nínú àwọn akọ̀ròyìn yín kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa Thriller, àwo orin Michael Jackson, pé kò sí àwo tó tà tó o láyé yìí. Òótọ́ ló sọ. Iye tí wọ́n ń dárúkọ ti lé ní 70 mílíọ̀nù. Ibi tí èmi àti ẹ̀ ti yapa ni ibi tó ti ní ẹ̀bùn lásán ni, pé ọmọkùnrin náà kàn la ẹnu, ó gbé ẹsẹ̀, ayé sì dìde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀. Mo ta àwo yẹn. Láti 1979 ni mo ti ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́ níbí, títí kásẹ́ẹ̀tì fi lé wa kúrò lórí àtẹ.

Ohun kan wà tí àwa tí a ń ta àwo mọ̀. Bí oníbàárà bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwo kan yóò dún, n kò ní gbé e sórí ẹ̀rọ. Màá fà á yọ nínú páálí rẹ̀, màá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá etí rẹ̀ mú kí ìka má kàn án, màá gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ojú ìlà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀, bó bá fẹ̀, tó ń kọ mànà, ohùn inú rẹ̀ yóò ròkè, bésì yóò sì lu èèyàn láyà. Bí ìlà bá fún mọ́ra bí irun tí wọ́n dì há, ẹ yáa mọ̀ pé ohùn tín-ín-rín lẹ fẹ́ gbé lọ sílé. Àwo kò fẹ̀ ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Bí orin bá ṣe ń gùn sí i lójú kan nínú ojú méjèèjì tí àwo ní ni ìlà ń fún mọ́ra, ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà jó sì ń dín kù.

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba Thriller jẹ́ gan-an nìyẹn. Oṣù kẹrin 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní sítúdíò Westlake ní Los Angeles. Quincy Jones ló darí rẹ̀, owó tí wọ́n sì ná sí i tó 750,000 dọ́là. Nígbà tó fi di oṣù kọkànlá, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ tà á ti ń kanlẹ̀kùn, torí ọdún Kérésì ti ń wọlé bọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ mọ́jú, wọ́n parí rẹ̀, wọ́n jókòó láti gbọ́ ọ. Ó burú. Orin ojú kọ̀ọ̀kan ti gùn jù, ìlà ti fún, ohùn ti rù. Michael Jackson fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé omi bọ́ lójú òun. Ó ní àwo náà kò ní jáde bẹ́ẹ̀.

Ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ wò ó. Owó ti lọ, ọjọ́ ti pé, àwọn ọ̀gá ń retí, ẹni tó ni iṣẹ́ wá ní rárá. Wọ́n sinmi fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n padà wá, wọ́n mú àwọn orin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tún ohùn wọn pò, ìyẹn ni pé wọ́n ń wọn bí ohùn olórin, ìlù àti gìtá yóò ṣe ròkè tó. Wọ́n gé ẹsẹ kan kúrò nínú orin tó gbẹ̀yìn. Quincy fẹ́ gé ìbẹ̀rẹ̀ orin kan tó ń jẹ́ Billie Jean pẹ̀lú, ó ní ó pẹ́ jù kí ohùn ọmọ náà tó wọlé. Michael kọ̀ jálẹ̀, ó ní ibẹ̀ gan-an ló ń mú kí ijó wu òun. Ibẹ̀ sì dúró. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, orin mẹ́sàn-án ló kù, ìṣẹ́jú 42 péré. Mo gbé èyí tó kọ́kọ́ dé ọwọ́ mi síwájú ìmọ́lẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, ìlà rẹ̀ ń kọ yànràn.

Bruce Swedien, ẹni tó ń po ohùn náà pọ̀, sọ pé ìgbà 91 ni òun po Billie Jean, kí wọ́n tó padà lọ mú èkejì nínú 91 náà. Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyàwó mi, ó ní bó bá jẹ́ ọbẹ̀ ni, ebi ì bá ti pa àwọn ọmọ. Àwọn kan lè ní ó fi 89 ṣòfò. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Bí ìyá mi bá fẹ́ ra aṣọ, gbogbo ìsọ̀ ọjà ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó padà sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ná a lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń rà.

Inú sì ń bí Michael bọ̀ láti ẹ̀yìn. Àwo tó ṣe ṣáájú, Off the Wall, tó jáde ní 1979, tà rẹpẹtẹ, síbẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fún un nínú Grammy, àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún àwọn olórin ní Amẹ́ríkà. Ó dùn ún.

Akọ̀ròyìn yín dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Rod Temperton, ará Ìlú Ọba, ló kọ orin tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ, Starlight ló sì kọ́kọ́ pè é kó tó yí i padà. Inú takisí ló ti kọ lára ọ̀rọ̀ tí àgbà òṣèré Vincent Price sọ ní ìparí rẹ̀, nígbà tó ń lọ sí sítúdíò. Eddie Van Halen ta gìtá sí Beat It, orin mìíràn nínú àwo náà, kò gba owó.

Ẹnì kan tún wà tí ẹ fò, ọmọ Áfíríkà sì ni. Ní ìparí orin àkọ́kọ́ nínú àwo náà, wọ́n ń kọ ohun kan ní àkọtúnkọ tí àwa tí a ti jó Soul Makossa dá mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Manu Dibango, ará Kamẹrúùnù, ló ni Soul Makossa, 1972 ló gbé e jáde. Wọn ò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n sì fi owó yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn.

Mi ò lè bá wọn wí jù, torí èmi náà jẹ̀bi. Ẹni tí kò lówó àwo á mú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo wá, èmi á gbà á sílẹ̀ fún un. Oníṣẹ́jú 90 ni wọ́n fẹ́ràn, 45 lójú kan. Thriller á wọ ojú kan, á ṣẹ́ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ojú kejì, Sunny Adé. Kò sí kọ́bọ̀ tó ti ọwọ́ mi dé ọ̀dọ̀ èyíkéyìí nínú wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka 70 mílíọ̀nù, ẹ mọ̀ pé ti Àkúrẹ́ kò pé níbẹ̀.

Mo dárúkọ Sunny Adé. Ohun tó dùn mí jù nínú ìwé yín nìyẹn, pé ìwé ìròyìn tí wọ́n ń kà ní Òǹdó lè sọ̀rọ̀ Grammy oṣù kejì 1984, kó ní Michael Jackson kó mẹ́jọ lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ kan, kó má sì rántí pé ọmọ ọba Òǹdó wà lára àwọn tí wọ́n yàn lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Àwo rẹ̀, Synchro System, ló gbé e débẹ̀. Clifton Chenier, olórin ará Amẹ́ríkà, ló gba ti ìsọ̀rí tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pe orúkọ Sunny.

Ọdún 1982 tí Thriller jáde ni àwo Juju Music tiẹ̀ náà jáde lọ́dọ̀ Island, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù òyìnbó. Martin Meissonnier, ará Faransé, ló bá a darí rẹ̀. Orin tí Sunny máa ń na lójú àwo kan láìdánudúró, wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, ó di méje. Òyìnbó gba tiẹ̀. Awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ra á lọ́wọ́ mi ní àárọ̀, ó dá a padà ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, orin yìí ò tíì gbóná tó fi tán.” N kò rí èsì fún un, mo pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi ní sọ pé gígé orin ló ń jẹ́ kó tà. Orin Michael, ibi tí ó ti yẹ kó dúró ni wọ́n dá a dúró sí. Jùjú ní láti rìn kó tó gbóná. Gángan á sọ̀rọ̀, gìtá á dáhùn, wọ́n á kí ẹni tó yẹ kí wọ́n kí. Lẹ́yìn àwo Aura ní 1984, tí Stevie Wonder fọn hamónííkà sí, Island àti Sunny pínyà. Ó padà sílé, ó ń na orin rẹ̀ lọ. Àwo Odù, tó jáde ní 1998, tún gbé e padà sáàárín àwọn tí wọ́n yàn fún Grammy.

Ẹ máa bi mí pé kí ló kàn mí. Ọmọ àbúrò mi kan wà lọ́dọ̀ mi tó ń kọrin. Ó mú fóònù wá: “Bàbá, ẹ wá gbọ́ álúbọ́ọ̀mù mi.” Orin mẹ́rìnlá, ọjọ́ márùn-ún ló fi gbà wọ́n sílẹ̀ ní yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ó lóhùn, ohùn ìyá rẹ̀ ni. Orin ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, mo ní kó tún un fi fún mi. Ṣùgbọ́n ìlù kan náà ló wà lábẹ́ mọ́kànlá nínú wọn. Mo bi í pé èwo ló kọ́kọ́ ṣe tó jù nù. “Kí ni màá jù nù, Bàbá? Gbogbo ẹ̀ ló dáa.” Mo ń múra àtibá a sọ̀rọ̀ ni ó fa ìwé ìròyìn yín yọ, ó fi ìka sí ibi tí wọ́n ti kọ ẹ̀bùn. “Ẹ̀yin náà ẹ kà á.”

Àwo náà ṣì wà nílé mi. Nígbà wàhálà ìbò oṣù kẹjọ 1983, mo fi àpò kó èyí tó kù ní ṣọ́ọ̀bù sá lọ sílé, ẹyọ kan ni n kò tà. Bí akọ̀ròyìn yín bá gba Òkè-Àró kọjá, kó yà. Màá gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Ohun tí a ó fi gbọ́ ọ nìkan ni kò sí. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi ti kán láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mi ò tíì rí òmíràn rà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ẹni tó ta rẹ́kọ́ọ̀dù rí,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.