Ẹ tún oṣù ọmọ IVF kà kí ẹ tó ní ó lọ́ra

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Láti Nyanya dé Kubwa ni a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn Yorùbá tó wà ní Abuja níbí pé ọmọ IVF (èyí tí dókítà pa ẹyin ìyá àti àtọ̀ bàbá pọ̀ di ọlẹ̀ níta ara) kì í tètè rìn, torí pé inú ìgò ni wọ́n ti ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 3 sí 5 péré ni ọlẹ̀ sábà máa ń lò nínú abọ́ kékeré kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ọmọ. Louise Brown, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí báyìí, ní England lọ́dún 1978, ti di abiyamọ, kò sì lo IVF.

Ìbejì àti ìbẹta lọ̀rọ̀ wà. Torí owó tó ń lọ sí i, ọlẹ̀ 2 tàbí 3 ni ọ̀pọ̀ ń ní kí wọ́n gbé wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbejì dùn mọ́ Yorùbá, ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ló ń jáde kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé, tí wọn kì í tó kílò 2.5.

Ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ 32 fi ọ̀sẹ̀ 8 yá ju ọ̀sẹ̀ 40 tí à ń ka oyún sí lọ. Tó bá pé oṣù 6, ẹ yọ oṣù 2 kúrò. Ìṣe ọmọ oṣù 4 ni kí ẹ máa retí. Ìyá àgbà á pè láti Ìlọrin, "Ṣé kò tíì jókòó ni?" Ẹ ṣírò rẹ̀ fún wọn. Títí ọmọ á fi pé ọdún 2 la ń yọ ọ́.

A kì í yọ ọ́ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára o! Ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 láti ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an ni. Àwọn ìyá kan ń sún un síwájú, ikọ́ líle á sì ká ọmọ mọ́ láìní ààbò. Èyí tí kò tó kílò 1.5 nígbà ìbí, kí dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn ìbí: iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ojú rẹ̀ kò tíì dàgbà tán, ó sì lè fọ́jú bí ẹ bá pẹ́.

Tí ẹ bá ti yọ oṣù tán, tí kò jókòó fúnra rẹ̀ ní oṣù 9, tí kò rìn ní oṣù 18, tàbí tí ariwo kò mú un yíjú, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ má sọ pé "ọmọ IVF ni, ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ṣe IVF, ẹ bi dókítà léèrè bóyá ọlẹ̀ 1 lè tó. Wọ́n lè fi òtútù pa ìyókù mọ́ di ìgbà mìíràn.

Àwa nọ́ọ̀sì ìtọ́jú ọmọdé,
Kubwa, Abuja.